Okùn Àtijọ́ Ló Ń Fa Tuntun Wọlé

Bí ẹ bá wọ mọ́tò ní Ọjọ́ta tí ẹ ń lọ sí Erékùṣù Èkó, tí awakọ̀ gba Ògùdù àti Alápẹ́rẹ̀ já sí Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí, tó wá gun Third Mainland Bridge tí wọ́n ṣí ní 1990, ẹ gbójú kúrò lórí fóònù yín, kí ẹ wo orí ọ̀sà. Ẹ óò rí àwọn ọkọ̀ onígi tó ń ru yanrìn. Ẹrù ti tẹ̀ wọ́n wọlẹ̀ tó fi jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí omi bá etí ọkọ̀ dọ́gba. Aṣọ ìgbòkun tó wà lórí wọn, àpò àti tàpólì ni wọ́n gán pọ̀ mọ́ra, àwọ̀ oríṣiríṣi bí ẹ̀wù eégún. Ẹni tó bá rí wọn á ní atẹ́gùn mà lágbára o, tó lè ti odidi ẹrù yanrìn báyìí lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni. Atẹ́gùn kò mọ Ẹ̀bùté Mẹ́ta, kò mọ Màkókò, ibi tó bá wù ú ló ń fẹ́ lọ. Okùn ni atukọ̀ fi ń mú un lọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ ń lọ.

Ọ̀rọ̀ okùn yìí gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló pa akọ̀ròyìn tó ń gbé Ọjọ́ta pọ̀ mọ́ okùn ọkọ̀ ojú omi, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí a mọ̀ mọ́ àdúgbò wa kò ju gáréèjì, ariwo kọ̀ńdọ́, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ àti ààtàn Olúṣósùn tó ti ń rùn sí wa nímú láti ọdún gbọọrọ. Ẹ má dá a lóhùn. Àbúrò bàbá mi ló pa wá pọ̀.

Bàbá Kékeré ni gbogbo ẹbí ń pè é. Ó tó ọmọ àádọ́rin ọdún báyìí, láti 1976 ló sì ti ń pààrọ̀ okùn ọkọ̀ ìgbòkun jẹun. Kì í ṣe ọkọ̀ oníyanrìn o. Ọkọ̀ fàájì ni, èyí tí àwọn òyìnbó àti àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ fi ń sáré ìje lórí ọ̀sà lọ́jọ́ Sátidé àti lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Eré náà ti pẹ́ l'Ékòó. Láti 1932 ni wọ́n ti dá Lagos Yacht Club sílẹ̀. Àmọ́ Bàbá Kékeré kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kankan rí. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ ló ń ránṣẹ́ pè é, tó bá sì ṣe tán, wọ́n á sanwó, á wọ mọ́tò padà wá sí Ọjọ́ta bíi ti gbogbo wa. Ó tó ogójì ọdún tó ti ń fi ìdajì jí dìgbò lu mọ́tò níbẹ̀, pẹ̀lú ìdì okùn léjìká. Àwọn kọ̀ńdọ́ míì rò pé ẹran ló ń lọ rà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ kí á lè jọ máa bọ̀. Igi méjì ló wà lórí ọkọ̀ irú èyí. Ọ̀kan dúró gbọnrangandan, òun ni òpó. Èkejì dábùú, ẹ jẹ́ kí á pè é ní igi ìdábùú. Wọ́n fi orí rẹ̀ kan kọ́ mọ́ ara òpó bí wọ́n ti ń fi àgbékọ́ kọ́ ilẹ̀kùn, kó lè máa lọ sọ́tùn-ún, kó máa bọ̀ lósì. Àárín àwọn méjèèjì ni aṣọ ìgbòkun wà. Okùn kìíní ló ń fa aṣọ náà gòkè: ó gba orí púlì kékeré kan ní ṣóńṣó òpó, ó sì gba inú òpó sọ̀kalẹ̀, nítorí pé òpó ìsinsìnyí kì í ṣe igi mọ́, páìpù ni, inú rẹ̀ ṣófo. Okùn kejì ń fa ìsàlẹ̀ aṣọ lọ sí ìparí igi ìdábùú kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀kẹta ń fa igi ìdábùú mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa gbé e sókè. Ẹ̀kẹrin ni ìjánu, òun ló wà lọ́wọ́ atukọ̀, òun ló fi ń ki aṣọ mọ́ra tàbí kó dẹ ẹ́ sílẹ̀.

Ìjánu yìí, wọn kì í fà á lásán. Wọ́n á mú un gba púlì lọ, wọ́n á mú un gba púlì bọ̀. Tó bá lọ tó bọ̀ lọ́nà mẹ́rin, agbára tí ọwọ́ máa lò á dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Àmọ́ tí igi ìdábùú bá máa sún ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin okùn lẹ óò fà. Bàbá Kékeré máa ń sọ pé, "Kò sí ọ̀fẹ́ lórí omi. Èyí tí o ò bá fi agbára san, wàá fi gígùn okùn san án."

Okùn náà kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ ti rí okùn búlúù àti aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń di ẹrù alùbọ́sà mọ́ orí tírélà ní Máìlì 12. Kò wọ́n, ó fúyẹ́, ó sì ń léfòó lórí omi, ṣùgbọ́n oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Bí oòrùn bá pa á pẹ́, ẹ óò máa rí i tó ń bó bí èéfọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì ń já. Bàbá Kékeré kì í jẹ́ kó dé orí òpó. Okùn náílọ́ọ̀nù lágbára, ṣùgbọ́n ó máa ń nà. Nínà yẹn dára fún ìdákọ̀ró, nítorí bí ìgbì bá ń ja ọkọ̀, okùn á máa bá a nà, kò ní já a gbà. Àmọ́ tí ẹ bá fi fa aṣọ gòkè, bí atẹ́gùn bá ti le, okùn á nà, aṣọ á dẹ̀, ọkọ̀ á sì dọ̀lẹ. Okùn polyester ló wà fún ìyẹn: kì í fi bẹ́ẹ̀ nà, ó sì ń fara da oòrùn. Àmọ́ ó wọ́n ju okùn búlúù àti aláwọ̀ ewé yẹn lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà òun àti àwọn ọlọ́kọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lóko, ẹ mọ igbà ẹlẹ́mu. Ẹlẹ́mu tó bá gbọ́n kì í ju igbà kọ́ ọ̀pẹ lọ́rùn láì kọ́kọ́ fọwọ́ tọ́ ọ wò yíká. Ó mọ̀ pé ibi tó ń fi ara gbo ọ̀pẹ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀. Gbogbo ìgbà tí aṣọ bá wà lókè, ojú kan náà lára okùn ló ń jókòó lórí púlì, ibẹ̀ náà ni yóò sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Iyọ̀ inú omi tún ń gbẹ sáàárín òwú rẹ̀, ó ń gé e lábẹ́lẹ̀ bí iyanrìn tó wọnú bàtà. Ìdí nìyẹn tí Bàbá Kékeré fi ń fi omi ẹ̀rọ ṣan okùn tí wọ́n bá ti orí ọ̀sà dé. Bó bá ń yẹ okùn wò, ojú rẹ̀ á wà ní dídì. Á fà á gba àárín ìka kọjá ní apá kan-apá kan. Ibi tó bá le gbagidi, ibi tó bá tínrín, ibi tó bá hurun, á dúró. Wáyà irin tó di òpó mú, kì í fi ọwọ́ lásán kàn án, aṣọ àkísà ló fi ń nù ún. Bí ẹ̀ka wáyà kan bá ti já, á kọ́ àkísà náà lára. Ó sàn kó kọ́ àkísà ju kó kọ́ ọwọ́ lọ.

Ó tún ní ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn. Bó bá ń ra okùn, á rà á kó fi apá méjì tàbí mẹ́ta gùn ju bó ti yẹ lọ. Bí ọdún kan bá kọjá, á gé díẹ̀ kúrò ní orí rẹ̀, kí ojú mìíràn lè wá jókòó lórí púlì. Báyìí ni okùn kan náà á ṣe fún un ní ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọlọ́kọ̀ ló ń gbọ́. Ọ̀kan wà tí n kò ní dárúkọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá Kékeré sọ fún un pé ìjánu rẹ̀ ti jẹ tán. Èsì rẹ̀ ni pé, "Bàbá, ó ṣì lágbára jàre, ẹ jẹ́ kí ọdún yìí parí ná." Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹrin ló kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjì sínú ọkọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìjì lè ṣàdéédéé ṣú láti ìlà oòrùn, kí ó sì dé kí èèyàn tó pa ojú dé. Bí ìjì ti gbá aṣọ, okùn já. Igi ìdábùú fò lọ, ọkọ̀ yí pò, igi ìdábùú tún fò padà, ó sì bá ọkùnrin náà léjìká. Egungun tó so ọrùn mọ́ èjìká rẹ̀ kán. Àwọn ọmọ ń ké, bàbá ń ké. Àwọn apẹja tó ní ẹ́ńjìnnì ló fà wọ́n dé èbúté. Owó tó ná sí èjìká yẹn, tó bá jẹ́ okùn ló fi rà, ì bá tó ọkọ̀ mẹ́wàá. Ọpẹ́ ni pé èjìká ni. Bó bá jẹ́ orí ni ńkọ́?

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Báwo ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ okùn tó gba inú òpó? Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á ní kí a fa ti àtijọ́ jáde, kí a sì ti tuntun bọ̀ ọ́. Irọ́ ni. Okùn kì í ṣe igi, a kì í tì í, fífà là ń fà á. Orí okùn tuntun ni wọ́n máa ń so mọ́ ìdí okùn àtijọ́. Bí àtijọ́ bá ṣe ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fa tuntun wọlé, títí tuntun á fi gba ọ̀nà náà já. Bí wọ́n bá fa àtijọ́ jáde kí wọ́n tó so tuntun mọ́ ọn, tàbí bí ìsopọ̀ náà bá tú nínú òpó, ọ̀nà ti sọnù nìyẹn. Wọ́n á ní láti sọ òpó kalẹ̀, ìyẹn sì ń fẹ́ ọkùnrin mẹ́ta sí mẹ́rin àti odindi ọjọ́ kan.

Bàbá Kékeré ti ń dàgbà. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló ti kọ́: ọ̀kan ń wa ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì, èkejì ń wa Márúwá, ẹ̀kẹta ti ré kọjá sí òkè òkun. Ẹni tó ṣẹ́kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó ń dúró kí yunifásítì gbà á wọlé. Tí ẹ bá dé ọ̀ọ̀dẹ̀ wọn nírọ̀lẹ́, òun àti bàbá àgbà rẹ̀ lẹ óò bá lórí àga, okùn nílẹ̀, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ìyá ọmọ náà ni kò fẹ́. Tòmátì àti tàtàṣé ló ń tà ní Máìlì 12, obìnrin tó mọ owó ni. Ó wá bá mi nílé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi bá Bàbá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ tiyín. Ẹ wo ọwọ́ Bàbá, bí èèpo igi ló rí. Ọdún mélòó ni wọ́n ti ń fa okùn olówó? Ilé wo ni wọ́n fi kọ́? Ṣebí a ṣì ń san owó ilé ní Ọjọ́ta níbí. Owó ìfẹ̀yìntì dà? Kí ọmọ mi náà wá lọ jogún okùn?"

Kò sí èyí tó parọ́ nínú gbogbo ohun tó sọ. Mo ní kó fún mi láyè, pé n óò kọ́kọ́ fojú ara mi rí iṣẹ́ náà kí n tó la ẹnu.

Sátidé kan ní ìparí oṣù Kejì, kí òjò tó dé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ mọ́tò láàárọ̀ kùtù. Okùn tó ń fa aṣọ gòkè ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀ nínú ọkọ̀ kan. Ọmọbìnrin yìí mú orí okùn méjèèjì, ó fi wọ́n kan ara wọn ní orí sí orí, kò ta á ní kókó. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Kókó á sanra ju ẹnu púlì lọ, sà." Ó fi abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú tó nípọn rán wọn pọ̀ lọ síwá sẹ́yìn, ó wá fi téèpù wé e tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fà á wò lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá Kékeré jókòó, ó fi ọwọ́ yẹ ìránpọ̀ náà wò, ó mi orí.

A bẹ̀rẹ̀. Èmi ń tọ́ okùn tuntun sílẹ̀, ọmọ ń fa ti àtijọ́ ní ìdí òpó, Bàbá Kékeré náà fi ọwọ́ kan kún tirẹ̀. Ìránpọ̀ náà gòkè lọ títí ó fi dé ṣóńṣó òpó. Ó dúró. Bàbá Kékeré ní, "Ó ti dé púlì. Fà á dáadáa!" Ọmọ náà ní, "Rárá, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀wọ́ ọ rẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, nítorí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún Bàbá Kékeré nídìí òpó pé kó jọ̀wọ́ okùn. Ọkùnrin náà wò ó. Ó jọ̀wọ́ ọ rẹ̀. Ọmọ náà dẹ okùn padà sẹ́yìn bí ìbú ọwọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀yin, ẹ gbọn ti ọ̀dọ̀ yín, sà, ó ti lọ́." Mo wò ó, òótọ́ ni, okùn tuntun ti lọ́ mọ́ra níbi tí mo ti ń tọ́ ọ. Irú ẹ̀ ló máa ń ṣe tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ìdì. Mo tú u, ó nà tààrà. Ó wá rọra fà, bí ẹni ń fa òwú kúrò lójú abẹ́rẹ́. Ìránpọ̀ náà gun púlì, ó ṣubú sínú òpó, a sì ń gbọ́ ọ bó ti ń ha ara páìpù bọ̀ nísàlẹ̀. Kò pẹ́, orí okùn tuntun yọ lẹ́sẹ̀ òpó, ó ń dán.

Bàbá Kékeré kò yìn ín. Ó ní, "Mú àbẹ́là wá, kí o jó orí rẹ̀, kó má bàa tú." Àmọ́ nígbà tí a wọ mọ́tò padà, tí ọmọ náà ti sùn lórí ìjókòó, ó bá mi sọ̀rọ̀ sétí. Ó ní, "Èmi ì bá ti já a." Kò sọ nǹkan míì títí a fi dé Ọjọ́ta.

Èmi ń ro iṣẹ́ tiwa. Ní ilé ìwé ìròyìn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, bàbá kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ní ọjọ́ Fúráídè kan, wọ́n ní kó máa lọ sílé, pé kọ̀ǹpútà ti dé. Kò sí ẹni tí wọ́n so mọ́ ọn kó tó lọ. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo kọ ọ́ pé igbà ẹlẹ́mu, ó jáde lórí ìwé ní ìgbà ẹlẹ́mu. Kọ̀ǹpútà náà dára o, mi ò bá a jà. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ fi ń gbà já ló sọnù, ó sì gbà wá lọ́dún púpọ̀ ká tó tún un là.

Mo padà lọ bá ìyá ọmọ náà ní ìsọ̀ rẹ̀. N kò sọ fún un pé kó gbàgbé owó, nítorí ọ̀rọ̀ owó tó sọ, òótọ́ ni. Mo sọ ohun tí mo rí fún un, títí dórí ohun tí Bàbá sọ nínú mọ́tò. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ń to tòmátì. Ó wá ní, "Bọ̀dá, tó bá mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa san án fún un bí ẹni tó mọ̀ ọ́n." Ọ̀rọ̀ dé ibi tí èmi ti wúlò. Mo jókòó ti Bàbá Kékeré, a kọ iye owó iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ti okùn inú òpó, ti ìjánu, ti igi ìdábùú, ti yíyẹ wáyà wò. Láti 1976, kò sí ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí ọlọ́kọ̀ bá fà yọ lápò ni Bàbá ń gbà. Ní báyìí, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń rí iye rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ méjì bínú, wọn kò pè é mọ́. Àwọn yòókù ń san án. Ìdajì ń lọ sí àpamọ́ ọmọ náà ní báǹkì, fún owó ilé ìwé.

Ìyá rẹ̀ kò tíì sọ pé òun gbà. Ó ní kìkì Sátidé ni, bí yunifásítì bá sì ti pè é, ó ń lọ nìyẹn. Bàbá Kékeré kò jiyàn. Ó ní kí ọmọ náà lọ kàwé rẹ̀, ṣùgbọ́n kí òun náà wá ẹnì kan tí yóò so mọ́ ìdí tirẹ̀ kó tó lọ. Wọ́n ti rí ọmọkùnrin alágbàfọ̀ kan ní òpópónà wa tó ń wá wò wọ́n nírọ̀lẹ́. A ṣì ń wo ọwọ́ rẹ̀ ná.

Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi wo okùn tó wà ní sàkání yín kí oṣù yìí tó parí: okùn kànga, okùn tí wọ́n fi di ẹrù mọ́ orí mọ́tò tí ẹ ń wọ̀ lọ sílé ọdún, okùn tí kunlékunlé yín so àtẹ̀gùn mọ́. Ojú kan ṣoṣo ló máa ń jẹ, ẹ fi ọwọ́ wá ibẹ̀.

Ní ti okùn àtijọ́ tí a fà jáde lọ́jọ́ Sátidé yẹn, wọn kò jù ú nù. Bàbá Kékeré gé ibi tó ti jẹ kúrò, èyí tó kù ṣì dára. Tí ẹ bá dé Máìlì 12, tí ẹ rí obìnrin kan tó fi okùn funfun tó ní ìlà pupa di apẹ̀rẹ̀ tòmátì rẹ̀ pọ̀, tí kókó rẹ̀ rí rẹ́múrẹ́mú tó jẹ́ pé ẹ kò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kí i fún mi. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta á.